Pátákó Ni Aránṣọ Nílò, Kì Í Ṣe Ààfin

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kìíní, òtútù mú débi pé ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 28 sísàlẹ̀ òdo. Obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ tó ń múra ìgbéyàwó sínú ọkọ̀ ní apá àríwá-ìwọ̀-oòrùn Calgary, ó sì wa ọkọ̀ náà wá sí Chestermere, níbi tí mò ń gbé. Aránṣọ kan wà níbẹ̀ tó mọ ìró àti bùbá rán dáadáa, ó sì fẹ́ kí ó wọ̀n ọmọ náà. Kó tó kúrò nílé, ó wo ìkànnì ayélujára aránṣọ yìí lórí fóònù rẹ̀. Ìkànnì náà sọ pé ṣọ́ọ̀bù máa ń ṣí ní Sátidé láti aago 10 àárọ̀ títí di aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ó dé ibẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí aránṣọ náà kò ti ṣiṣẹ́ ní Sátidé mọ́.

Ẹ̀gbọ́n ni mo máa ń pe aránṣọ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Nígbà tí mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ ò yí àkókò yẹn padà lórí ìkànnì yín?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Ó ní, "Àbúrò mi, ọwọ́ mi kọ́ ni kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ wà. Ẹni tó bá mi ṣe é ti kó lọ sí Toronto. Bí mo bá fẹ́ yí ìlà kan ṣoṣo padà, àfi kí n pè é. Bí mo bá sì pè é, kì í gbé e. Ṣùgbọ́n lóṣooṣù, dọ́là 45 ń kúrò nínú àpò mi fún ìkànnì náà. Ìyẹn kì í pẹ́ rárá."

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Dọ́là 45 lóṣù jẹ́ dọ́là 540 lọ́dún. Owó yẹn tó ra aṣọ tó dára. Kí ló wà lórí ìkànnì tí ẹ̀gbọ́n ń san owó yìí lé lórí? Orúkọ ṣọ́ọ̀bù, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù, àkókò ìṣíṣọ́ọ̀bù, iye owó ìránṣọ àti àwòrán aṣọ mẹ́sàn-án. Kò sí nǹkan mìíràn.

Èrò mi nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò: ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré tó wà láàárín wa ń san owó ààfin, nígbà tó jẹ́ pé pátákó ni wọ́n nílò. Àwọn Yorùbá ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Eku tó bá kọ́ ìtẹ́ tó ju ara rẹ̀ lọ, òtútù ni yóò bá a sùn níbẹ̀.

Pátákó Ìbàdàn, yàrá abẹ́ ilé ní Chestermere

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìbàdàn, kò sí aránṣọ tí kò ní pátákó. Ẹni tó ń kun pátákó yóò kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù gàdàgbà, yóò ya ẹ̀rọ ìránṣọ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò sì kọ àdírẹ́sì sísàlẹ̀. Iṣẹ́ parí nìyẹn. Pátákó kì í jẹun, kì í gba owó oṣù. Ẹni tó bá ń kọjá lọ sí Dùgbẹ̀ yóò kà á, bó bá sì wù ú, yóò yà wọlé. Bí nǹkan kan bá yí padà, aránṣọ yóò mú ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, yóò pa ti àtijọ́ rẹ́, yóò kọ tuntun sí i.

Chestermere kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú kékeré ni, ní ìlà-oòrùn Calgary, létí adágún omi kan tí àwọn ènìyàn fi ọwọ́ ṣe nítorí omi tí wọ́n fi ń rin oko. Ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2015 ni ìjọba sọ ọ́ di ìlú tó ní orúkọ ìlú ńlá lábẹ́ òfin, ètò ìkànìyàn ọdún 2021 sì ka ènìyàn 22,163 níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ òwò kékeré kò ní ṣọ́ọ̀bù lójú títì. Inú yàrá abẹ́ ilé ni wọ́n wà: ẹni tó ń dirun, ẹni tó ń ránṣọ, ẹni tó ń bá ènìyàn ṣe ìwé owó orí. Ẹlẹ́sẹ̀ kankan kì í kọjá níbẹ̀ láti ka pátákó, pàápàá nígbà tí yìnyín bá bo ilẹ̀. Inú fóònù ni àwọn oníbàárà ti ń kọjá. Nítorí náà, ìkànnì ayélujára ni pátákó ibí. Kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Òun ni yóò sọ fún oníbàárà bóyá kó gbé ọkọ̀ tàbí kó jókòó sílé. Bó bá parọ́, ènìyàn yóò rìn nínú yìnyín lásán.

Ẹ̀kọ inú agbọ̀n àti oúnjẹ àṣẹ̀ṣẹ̀sè

Oríṣi ìkànnì méjì ló wà, bí a bá wo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dá àlejò lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n fi oúnjẹ ṣàlàyé.

Bí ẹ bá lọ bá ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ ti jinná kí ẹ tó dé. Wọ́n ti fi ewé pọ́n ọn, ó ti tutù, ó wà nínú agbọ̀n. Ẹ ní ẹ fẹ́ márùn-ún, ó ka márùn-ún fún yín, ẹ sì lọ. Ẹ̀kọ kan náà ni gbogbo ènìyàn ń rà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ sí ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń se oúnjẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ó sọ ohun tí ẹ fẹ́, alásè yóò wọ ilé ìdáná lọ, yóò kó èròjà láti inú àká, yóò dáná, ẹ̀yin yóò sì dúró dè é.

Ìkànnì kan wà tó dà bí ẹ̀kọ. Èmi máa ń pè é ní ìkànnì adúrósójúkan. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ fáìlì tí ẹnì kan ti kọ tán. Nígbà tí oníbàárà bá béèrè fún un, kọ̀ǹpútà tó ń pèsè rẹ̀ kò ní ìṣẹ́ mìíràn ju pé kó na fáìlì náà sí i. Ohun tí mo rí ni ẹ̀yin náà rí.

Ìkejì dà bí ilé oúnjẹ. Ẹ pè é ní ìkànnì asèlójúẹsẹ̀, bí ó bá wù yín. Ní gbogbo ìgbà tí àlejò bá dé, ètò kan lórí kọ̀ǹpútà yóò jí, yóò lọ wo àká tí ìwífún wà, yóò to ojú ewé náà pọ̀, yóò sì gbé e jáde. Facebook rí bẹ́ẹ̀: ohun tí mo rí kọ́ ni ẹ̀yin ń rí. Ìkànnì báǹkì yín náà rí bẹ́ẹ̀, kò sì lè rí bí ẹ̀kọ láéláé, nítorí owó inú àpò yín kọ́ ni owó inú àpò mi.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà "adúrósójúkan". Kò túmọ̀ sí pé ìkànnì náà kò ṣeé yí padà. Pátákó náà dúró sójú kan, síbẹ̀ a lè tún un kùn. Kò túmọ̀ sí pé kò lè ní àwòrán tàbí àwọ̀ tó rẹwà. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kò sí ẹni tó ń dáná lẹ́yìn ilé nígbà tí oníbàárà bá kan ilẹ̀kùn.

Kì í sì í ṣe nǹkan tuntun. Bí wẹ́ẹ̀bù ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ọdún 1989, Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN lẹ́bàá ìlú Geneva, kọ àbá kan sílẹ̀ nípa bí àwọn onímọ̀ ṣe lè so ìwé wọn pọ̀ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. Ní ọdún 1991, ìkànnì àkọ́kọ́ ti wà fún aráyé láti wò. Ojú ewé lásán ni, tó kún fún ọ̀rọ̀ àti ìtọ́ka. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1993, CERN kéde pé ẹnikẹ́ni lè lo wẹ́ẹ̀bù láìsan kọ́bọ̀. Bí ẹ bá wá ìkànnì àkọ́kọ́ yẹn lónìí, CERN ti dá a padà síbi tó wà, fóònù tí ẹ rà lọ́dún yìí yóò sì ṣí i láìjanpata. Ohun tó rọrùn máa ń pẹ́ láyé.

Ìdí tí mo fi fara mọ́ pátákó

Ìdí àkọ́kọ́ ni owó. Orúkọ ìkànnì tó parí sí .ca kì í sábà ju dọ́là 15 sí 25 lọ lọ́dún. Ibi tí àwọn fáìlì yóò máa gbé lè jẹ́ ọ̀fẹ́: Cloudflare Pages àti Netlify ní ìpele tí wọn kì í gba owó fún, ó sì tó fún ìkànnì kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ ka òfin kí ẹ tó wọlé. GitHub Pages náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ọ̀pọ̀ yín sì mọ̀ ọ́n nítorí iṣẹ́ kíláàsì, àmọ́ òfin rẹ̀ sọ pé kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń ṣe òwò. Ẹ fi dọ́là 20 wé dọ́là 540. Alágbàtà ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n.

Ìdí kejì ni ààbò. WordPress, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003, ló wà lábẹ́ ohun tó lé ní ìdá 40 nínú 100 àwọn ìkànnì ayé. Ètò tó wúlò ni, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ilé ìdáná ni, ilé ìdáná sì ń fẹ́ ìtọ́jú. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣe àtúnṣe sí ètò náà fúnra rẹ̀ àti sí gbogbo ohun àfikún tí wọ́n so mọ́ ọn. Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá tí kò sẹ́ni tó wò ó, olè lè rí ihò tí yóò gbà wọlé. Ẹ̀kọ inú agbọ̀n kò ní ilé ìdáná, nítorí náà ihò tí olè lè wá kéré gan-an. Mi ò sọ pé kò sí ewu. Bí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé yín bá jẹ́ orúkọ yín àti ọdún tí wọ́n bí yín, pátákó náà yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ìdí kẹta ni bí ó ṣe fúyẹ́. Ojú ewé wẹ́ẹ̀bù tó wọ́pọ̀ láyé òde òní ti lé ní mẹ́gábáìtì 2. Ojú ewé tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ lásán kọ lè má tó ìdá kan nínú 50 ìyẹn. Ní Calgary, ẹ lè má mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìyá ọkọ ìyàwó lè wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kó fẹ́ rí aṣọ tí wọ́n ń rán. Dátà tó ń rà ní kéékèèké ni yóò fi wò ó. Bí ojú ewé náà bá wúwo, òun ló ń sanwó ìwúwo rẹ̀. Òótọ́ ni pé ìkànnì adúrósójúkan náà lè wúwo bí ènìyàn bá kó àwòrán ńláńlá sí i. Ẹni tó bá fi òkúta sínú ewé ẹ̀kọ kò gbọdọ̀ bínú sí ewé.

Àwọn tí kò gbà pẹ̀lú mi

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, nítorí náà ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti àwọn ẹlòmíràn.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ fún mi ní kíláàsì pé, "Dókítà, ẹ má bínú, ìyá mi ń ta irun lórí Instagram àti WhatsApp, wọn ò ní ìkànnì kankan, ọjà wọn sì ń tà." Ọ̀rọ̀ gidi ni. Bí oníbàárà bá wà ní ibì kan, ibẹ̀ ni kí oníṣòwò lọ. Ṣùgbọ́n ilé àyálégbé ni ibẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2021, ìjọba Nàìjíríà ti Twitter pa, wọn ò sì ṣí i títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022. Fún oṣù méje, ẹni tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ló ti ń polówó ọjà ní Èkó ní láti fi ọgbọ́n òjìji wọlé tàbí kó wá ibòmíràn. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021 kan náà, Facebook, Instagram àti WhatsApp kú lẹ́ẹ̀kan náà fún bíi wákàtí mẹ́fà káàkiri ayé. Bí ẹ bá sì rò pé ọ̀rọ̀ Nàìjíríà nìkan ni, ẹ wo Kánádà níbí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, nítorí òfin tuntun kan tó ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá san owó fún ìròyìn, Meta bẹ̀rẹ̀ sí í dí ìròyìn lórí Facebook àti Instagram fún gbogbo ará Kánádà. Àwọn ìwé ìròyìn kékeré tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó òǹkàwé jọ síbẹ̀ jí lọ́jọ́ kan, wọ́n sì rí i pé ilẹ̀kùn ti tì. Bóyá òfin náà dára tàbí kò dára, ìyẹn kọ́ ni mò ń sọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé ayálégbé kì í mọ ọjọ́ tí onílé yóò ṣe ìpinnu. Ẹ máa yálé o, ṣùgbọ́n ẹ ní àkọ́dì kan tó jẹ́ tiyín.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé, "Ìkànnì adúrósójúkan kò lè gba owó, kò lè gba àdéhùn ìpàdé." Òótọ́ ni pé kò lè ṣe é fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò náà bí ó ṣe ń gba owó. Ẹ̀gbọ́n mi ń gba owó nípasẹ̀ Interac e-Transfer, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Kánádà ṣe ń ṣe. Oníbàárà rẹ̀ kì í ra aṣọ bí ẹni ra bisikíìtì. Yóò kọ́kọ́ pè é, wọn yóò sọ̀rọ̀ aṣọ, wọn yóò ná an, wọn yóò fẹnu kò. Ìtọ́ka kan tó ṣí WhatsApp àti nọ́ńbà fóònù kan tí a lè tẹ̀ ti tó fún un.

Àtakò kẹta ló le jù, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ni yóò máa tún un kùn? Aránṣọ kò mọ HTML." Lóòótọ́, ìkànnì asèlójúẹsẹ̀ máa ń ní ojú ibi tí ènìyàn ti lè tẹ ọ̀rọ̀ tuntun wọlé bí ẹni ń kọ lẹ́tà. Ìkànnì adúrósójúkan kì í sábà ní i, àfi bí a bá so ohun èlò mìíràn mọ́ ọn. Pátákó tí ẹnikẹ́ni kò tún kùn yóò di irọ́ bó pẹ́ bó yá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìtàn tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìkànnì ẹ̀gbọ́n mi ní ojú ibi ìtẹ̀ròyìn wọlé. Ohun tí kò ní ni kọ́kọ́rọ́. Àìní kọ́kọ́rọ́ ló mú kí obìnrin yẹn rin ìrìn òfo. Tani ó ní àṣẹ ló ṣe pàtàkì ju irú ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Ìdí tí mo sì fi fẹ́ràn fáìlì lásán nìyí: ènìyàn lè kó o sínú àpò, kó gbé e lọ sí ibi tó wù ú lọ́jọ́ tó bá wù ú.

Ìgbà tí pátákó kò tó

Bí ẹ bá ń ta ọjà 300 tó ń dín kù bí àwọn ènìyàn ṣe ń rà á, ẹ nílò ilé ìdáná. Ẹ lọ sọ́dọ̀ Shopify, tó jẹ́ ilé-iṣẹ́ Kánádà, tàbí irú rẹ̀, kí ẹ sì san owó wọn pẹ̀lú ayọ̀. Bí àwọn àlejò bá gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ tiwọn kún ìkànnì yín, ẹ nílò rẹ̀ pẹ̀lú. Wikipedia èdè Yorùbá kò lè jẹ́ ẹ̀kọ inú agbọ̀n, nítorí pé gbogbo ènìyàn ló ń sè níbẹ̀. YorubaName.com, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi orúkọ Yorùbá àti ìtumọ̀ rẹ̀ kún àkójọ, kò lè jẹ́ pátákó lásán. Ìbéèrè tí ó yẹ kí oníṣòwò bi ara rẹ̀ rọrùn: ṣé gbogbo oníbàárà mi ló gbọ́dọ̀ rí ohun kan náà? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, pátákó ti tó.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn

Ó kù ohun kan tó kan kíláàsì wa gan-an. Lórí ìkànnì àtijọ́ ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n kọ ọ́ pé ó ń rán "iro ati buba". Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ nípa ohùn mọ̀ pé "ìró" ni aṣọ tí obìnrin ń ró mọ́ ìdí. "Irọ́" ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe òótọ́ ni. Ìkànnì kan tó ní àkókò ìṣíṣọ́ọ̀bù tí kì í ṣe òótọ́, tó sì kọ "iro" gàdàgbà sójú ewé àkọ́kọ́! Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí.

Nígbà tí ẹ bá kọ ojú ewé fúnra yín, kò sí ẹni tó lè sọ pé èdè yín kò sí nínú àkójọ. Ẹ ó kọ UTF-8 sí orí fáìlì náà kí lẹ́tà wa má baà di àmì ìbéèrè. Ẹ ó fi "yo" ṣe àmì èdè rẹ̀, kí àwọn ètò tó ń ka ojú ewé lè mọ̀ pé Yorùbá ni. Ẹ ó sì yan irú lẹ́tà tó mọ Yorùbá kọ. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nínú Unicode, tí kọ̀ǹpútà àgbáyé fi ń tọ́jú lẹ́tà, "é" ní nọ́ńbà tirẹ̀, "ẹ" náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n "ẹ́" kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ gbé àmì ohùn lé "ẹ" lórí. Bí irú lẹ́tà tí ẹ yàn kò bá mọ iṣẹ́ yìí, àmì yóò fò lọ sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, bíi gèlè tí afẹ́fẹ́ gbé.

Ohun tí a ṣe, àti ohun tí a kò rí ṣe

Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti inú kíláàsì yìí, tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, bá mi jókòó ní ọjọ́ méjì. A ṣe ojú ewé mẹ́ta fún ẹ̀gbọ́n: ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan fún iye owó, ọ̀kan fún àwòrán. A kọ wọ́n ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. A fi ìlà àkókò ìṣíṣọ́ọ̀bù sí òkè pátápátá, a sì kọ́ ẹ̀gbọ́n bí yóò ṣe máa yí ìlà yẹn padà. Ó kọ ọ̀nà náà sínú ìwé tó ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà sí. Ó ti yí i padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìpe ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àmọ́ ẹni tó kọ́ ìkànnì àkọ́kọ́ ti fi orúkọ ìkànnì náà sábẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n rárá. A kò rí i gbà. A ní láti ra orúkọ mìíràn, lọ́tẹ̀ yìí lábẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀. Òfin .ca gba ọmọ orílẹ̀-èdè Kánádà láyè, ó sì gba ẹni tó ní ìwé ìgbé-ayé títí láyè, nítorí náà kò sí ìdí tí aránṣọ kan ní Chestermere yóò fi gbé orúkọ rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Àwọn káàdì 500 tí ó ti tẹ̀ di ìdọ̀tí. Ó dá owó oṣù dúró ní báǹkì, síbẹ̀ ìkànnì àtijọ́ náà kò tíì kúrò. Bí ẹ bá wá orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lórí Google, ẹ ṣì lè rí i níbẹ̀, tó ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n máa bọ̀ ní Sátidé.

Nítorí náà, bí ìbátan tàbí ọ̀rẹ́ yín kan bá fẹ́ ṣe ìkànnì fún òwò rẹ̀, ẹ má ṣe kọ́kọ́ béèrè àwọ̀ tó fẹ́. Ẹ béèrè pé: ta ni yóò ni orúkọ náà? Ta ni yóò ní kọ́kọ́rọ́? Kí ni oníbàárà fẹ́ mọ̀ kó tó jáde nílé? Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá ní ìmọ̀ rẹ̀, ẹ bá a ṣe é, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Òǹkọ̀wé fi ẹ̀kọ àti oúnjẹ àṣẹ̀ṣẹ̀sè ṣàlàyé oríṣi ìkànnì méjì. Ẹ wá àfiwé mìíràn láti inú ọjà, oko tàbí ilé, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ ní gbólóhùn márùn-ún.

2. Kí ni ìtumọ̀ òwe "ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́"? Ṣé ẹ gbà pé ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu? Òwò kékeré tó fẹ́ dàgbà ńkọ́?

3. Èwo nínú àtakò mẹ́ta náà ni òǹkọ̀wé kò dáhùn tó lójú yín? Ẹ kọ ìdí yín.

4. Ẹ fi àmì ohùn tó yẹ sí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lọ́nà méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì sọ ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan: iro, owo, oko.

5. Ẹ kọ ojú ewé kan ní Yorùbá fún oníṣòwò kan tí ẹ mọ̀. Kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 100 lọ. Ohun tí oníbàárà gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó jáde nílé nìkan ni kí ẹ fi sí i.